Ta Ló Gbé Áyọ́ọ̀nù Sórí Bẹ́ẹ̀dì?

Òórùn aṣọ tó ń jó ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ wá bá wọn nídìí tíì àárọ̀. Bàbá tó ni ilé àlejò náà gbójú sókè kúrò lára ẹyin tó ń dín, ó fi imú fa afẹ́fẹ́, ó ní, "Ṣé búrẹ́dì mi ló ń jó ni?"

Kì í ṣe búrẹ́dì. Èéfín dúdú ti ń rọ́ bọ̀ lójú àtẹ̀gùn.

Kí ẹnikẹ́ni tó ti àga sẹ́yìn, Kíá ti dókè. Kíá ni obìnrin tó ń tún yàrá ṣe níbẹ̀, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Bàbá sáré lọ pa iná mànàmáná gbogbo ilé. Wọ́n gbọ́ omi tó dà ṣọ̀ọ̀ lókè, wọ́n gbọ́ bí Kíá ṣe ń fi aṣọ tútù lu nǹkan pì, pì, pì, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ igbe rẹ̀. Nígbà tí Ìyá Ìbéèrè fi máa dé ẹnu ọ̀nà yàrá Màmá Télọ̀, iná ti kú. Kíá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, awọ ẹ̀yìn ọwọ́ náà ti bó. Lórí bẹ́ẹ̀dì, áyọ́ọ̀nù kan dojú bolẹ̀ láàárín ihò dúdú tó ti jó wọnú tìmùtìmù.

"Ẹ má wọlé o," Ìyá Ìbéèrè sọ fún Bàbá tó ń mí hẹlẹhẹlẹ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ mú Kíá lọ sísàlẹ̀, ẹ fi ọwọ́ rẹ̀ sínú omi tútù. Kí ẹnikẹ́ni má fẹsẹ̀ tẹ yàrá yìí."

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni Ìyá Ìbéèrè ṣe títí ó fi fẹ̀yìntì. Àwọn tó ti mú rí ló fún un lórúkọ yẹn, wọ́n ní ìbéèrè rẹ̀ a máa kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́nu kó tó wá há ọ lọ́fun. Òrùlé ilé rẹ̀ ni wọ́n ń tún ṣe, ló jẹ́ kó wá gba yàrá sí ilé àlejò kékeré yìí, ní òpópónà tí igi bò, níbi tí Bàbá fúnra rẹ̀ ti ń se oúnjẹ àárọ̀ fún àwọn àlejò. Ohunkóhun tí èèyàn bá bi Bàbá, ìdáhùn rẹ̀ ni "Ẹ jẹun ná." Ilé náà tù ú lára. Kò fẹ́ rí ọ̀ràn kankan níbẹ̀.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, Nọ́ọ̀sì, ọmọ Màmá Télọ̀, ti gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra ní yàrá ìjẹun, ó ń sunkún.

"Mo ti ń sọ ọ́, ẹ ò gbà mí gbọ́. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ṣí omi sílẹ̀, ó ń kán sórí tábìlì yín níhìn-ín. Lánàá, awò ojú wọn, inú fíríìjì la ti rí i. Ẹ wá wò ó lónìí! Wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wá jókòó, wọ́n ń mu tíì."

"Mi ò fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù kankan," ni Màmá Télọ̀ wí.

"Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe wí? Wọn ò rántí!"

Àgbàlagbà obìnrin tí ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni Màmá Télọ̀. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń ránṣọ fún ará ìlú wọn, wọ́n ṣì ń ṣí ṣọ́ọ̀bù títí di ìsinsìnyí. Láàárọ̀ náà gan-an, kí èéfín tó dé, wọ́n ti wo búláòsì Ìyá Ìbéèrè, wọ́n sì ti ní ẹni tó rán an kò wọn èjìká ọ̀tún dáadáa. Òótọ́ ni. Ìyá Ìbéèrè mọ ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń rẹ̀, ó sì mọ ẹni tí tirẹ̀ mú bí abẹ.

Màmá Télọ̀ wo ọmọ wọn lójú, wọ́n wo òkè àjà, wọ́n wo ọwọ́ ara wọn méjèèjì. Ohùn wọn wá lọ sílẹ̀.

"Àbí èmi ni? Àbí mo gbé e síbẹ̀, tí mi ò mọ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí Ìyá Ìbéèrè nínú. Ìbínú náà kò wá pẹ̀lú ariwo. Abẹ́ àyà rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń gbóná lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́, ó ti rí ẹni tí wọ́n da ìbéèrè bò títí tó fi gbà pé òun ló ṣe ohun tí kò ṣe. Kò sí ìwà tó kórìíra tó ìyẹn, kí wọ́n gba orí èèyàn lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí orí náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Màmá," ló wí, "ẹ má tíì dá ara yín lẹ́bi. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ lọ wo yàrá yẹn."

---

Yàrá náà kò tóbi. Bẹ́ẹ̀dì sún mọ́ fèrèsé, àyè tóóró kan wà láàárín rẹ̀ àti ògiri. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, ó ga dé ìbàdí èèyàn, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ lọ aṣọ ki wáyà bọ̀. Ṣùgbọ́n wáyà áyọ́ọ̀nù náà kò lọ sọ́dọ̀ dígí. Ó gba ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì, ó wọ àyè tóóró yẹn lọ.

Ìyá Ìbéèrè kúnlẹ̀. Kò rí i. Ó dọ̀bálẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, etí rẹ̀ kan ilẹ̀ kó tó rí sọ́kẹ́ẹ̀tì kejì, nísàlẹ̀ ògiri pátápátá, nínú eruku. Ibẹ̀ ni wọ́n ki áyọ́ọ̀nù náà bọ̀.

Ó dìde, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń ro ó. Ó bi ara rẹ̀ pé: ta ló máa fi sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lójú sílẹ̀, táá máa rákò lọ sí èyí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Ẹni tó fẹ́ lọ aṣọ kọ́. Ẹni tí kò fẹ́ kí ẹni tó ni yàrá rí wáyà ni. Ó ti ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ sílẹ̀ láì tíì tàn án, ó tọ́jú rẹ̀ sí àyè tóóró yẹn, ó wá ń dúró de ìgbà tí yàrá máa ṣófo.

Kò tún sí aṣọ kankan lórí bẹ́ẹ̀dì tí èèyàn fẹ́ lọ̀, àfi kúbùsù nìkan. Télọ̀ wo ló ń lọ kúbùsù?

---

Sájẹ́ǹtì dé láti àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gún régé. Ó gbọ́ tẹnu Nọ́ọ̀sì, ó mi orí. Ọ̀rọ̀ ogbó ni, ló wí, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀.

Bàbá ló da ọ̀rọ̀ rú. "Sájẹ́ǹtì, inú kọ́bọ́ọ̀dù ìfọṣọ ni mò ń ti áyọ́ọ̀nù yẹn mọ́. Àlejò kan fi jó kápẹ́ẹ̀tì mi rí, mo wá fòfin de gbígbé e lọ sí yàrá. Èmi àti Kíá nìkan la ní kọ́kọ́rọ́. Kíá àti Màmá sì jọ ṣe gbólóhùn asọ̀ lánàá nítorí awò ojú. Màmá ní Kíá ló gbé e."

Sájẹ́ǹtì kọjú sí ilé ìdáná. Kíá wà nídìí básíà omi, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú omi.

"Ìwọ lo gbé áyọ́ọ̀nù gòkè?"

"Rárá, sà."

"Ta ló wá gbé e?"

"Mi ò mọ̀."

"Wọ bàtà ẹ. A jọ ń lọ sí àgọ́."

Kíá dìde fùú, omi ta sílẹ̀. "Èmi tí mo paná? Ẹ wo ọwọ́ mi! Èmi náà lẹ tún fẹ́ tì mọ́lé?"

Nọ́ọ̀sì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn níbẹ̀, ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo Kíá, ó mu díẹ̀ nínú tíì náà, kò sọ nǹkan kan. Ìyá Ìbéèrè rí i.

"Sájẹ́ǹtì," ni Ìyá Ìbéèrè wí, "ẹ lọ jẹ ẹyin tí Bàbá dín. Ẹ fún mi láyè díẹ̀ pẹ̀lú obìnrin yìí."

Sájẹ́ǹtì fẹ́ jiyàn, ó wo ojú rẹ̀, ó rántí ẹni tó jẹ́, ó lọ jókòó.

Ìyá Ìbéèrè ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná. "O purọ́ fún Sájẹ́ǹtì. Ìwọ àti Bàbá nìkan lẹ ní kọ́kọ́rọ́."

Kíá ti ọwọ́ rẹ̀ bọ inú omi padà.

"Kíá, inú ń bí mi láàárọ̀ yìí, má fi kún un. Ọwọ́ rẹ ti jóná nítorí ẹnì kan. Ṣé o tún fẹ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá nítorí onítọ̀hún?"

"Tí mo bá sọ ọ́, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn, mà. Ọmọ méjì ló ń wo ọwọ́ tó jóná yìí. Bàbá ti ní mi ò gbọdọ̀ fún àlejò kankan ní áyọ́ọ̀nù."

"Àlejò wo lo fún?"

Omijé bọ́ lójú Kíá, ṣùgbọ́n ìbínú ló mú un wá. "Nọ́ọ̀sì ni. Lánàá ló gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní Màmá fẹ́ lọ búláòsì, ó ní kí n má jẹ́ kí Bàbá gbọ́. Mo rò pé àánú ìyá ẹ̀ ló ń ṣe é. Ẹ wá wò ó lẹ́nu ilẹ̀kùn bó ṣe ń wò mí!"

"Nípa awò ojú ńkọ́?"

"Mi ò débi tí awò yẹn wà. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, kí ni mo fẹ́ fi awò Màmá ṣe nínú fíríìjì?"

Ìyá Ìbéèrè gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Kíá nìkan ò tó. Nọ́ọ̀sì kàn máa la ẹnu ni, á ní lóòótọ́ lòun gbà á, òun sì gbé e fún ìyá òun bó ṣe ní kí òun ṣe. Ilẹ̀kùn àwáwí yẹn gbọ́dọ̀ tì kí Nọ́ọ̀sì tó mọ̀ pé òun fẹ́ gbabẹ̀ sá. Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í.

"Fọ ojú rẹ," ló sọ fún Kíá. "Má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí n ó fi pè ọ́."

---

Ó bá Nọ́ọ̀sì nínú pálọ̀. Ó jókòó tì í pẹ́kípẹ́kí, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó gbé ìbínú rẹ̀ mì bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì.

"Ó mà ń rẹ̀ ọ́ o, ọmọ mi."

Nọ́ọ̀sì gbójú sókè. Ó jọ pé ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún un.

"Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n, mà. Èmi nìkan ni wọ́n bí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù, ìbàdí wọn ò gbà mọ́. Èmi ni mò ń wọ bàtà fún wọn. Bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, èmi ni wọ́n ń pè. Mà á ti ibi iṣẹ́ dé, mà á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn nílé."

"Wọn ò lè bẹ̀rẹ̀ rárá?"

"Rárá o."

"Bóyá tí wọ́n bá di nǹkan mú, kí wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀…"

"Kúnlẹ̀ kẹ̀!" Nọ́ọ̀sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Tí wọ́n bá kúnlẹ̀, kí lẹ fẹ́ fi gbé wọn dìde? Nọ́ọ̀sì ni mí, mà, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Wọn ò lè débi orúnkún ara wọn."

"Háà. Dókítà ò sì lè ṣe nǹkan kan?"

"Dókítà kan máa yẹ̀ wọ́n wò lónìí, dókítà ọpọlọ. Ìdí tí mo fi mú wọn wá síbí nìyẹn. Tó bá kọ ọ́ pé orí wọn ò pé mọ́, ilé ìtọ́jú àgbàlagbà á gbà wọ́n. Wọn ò fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹ ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí."

"Mo rí i. Áyọ́ọ̀nù yẹn ló ń yà mí lẹ́nu. Ta ló fi lé wọn lọ́wọ́?"

"Kíá ni, ta ni ì bá tún jẹ́? Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé áyọ́ọ̀nù wà nínú ilé yìí títí mo fi gbọ́ òórùn iná."

Ìyá Ìbéèrè fọwọ́ kàn án léjìká, ó dìde.

---

Ó kó gbogbo wọn jọ sí yàrá ìjẹun. Màmá Télọ̀ jókòó sórí àga tó sún mọ́ fèrèsé. Sájẹ́ǹtì fi búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀.

"Sájẹ́ǹtì, ẹ gòkè, ẹ tọ wáyà áyọ́ọ̀nù yẹn dé ìdí rẹ̀, kí ẹ padà wá sọ ibi tó wọ̀."

Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lókè àjà. Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń kérora. Nígbà tó padà dé, eruku bo orúnkún ṣòkòtò rẹ̀ àti àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó gún régé.

"Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni, mà. Mo ní láti dojú bolẹ̀ kí ọwọ́ mi tó tó o."

"Nọ́ọ̀sì, sọ fún Sájẹ́ǹtì ohun tí o sọ fún mi nípa ìbàdí ìyá rẹ."

Ẹ̀jẹ̀ fà kúrò lójú Nọ́ọ̀sì. Ó di ife tíì rẹ̀ mú pinpin.

"Mà á bá ọ sọ ọ́. O ní wọn ò lè bẹ̀rẹ̀. O ní wọn ò lè kúnlẹ̀. O ní wọn ò lè débi orúnkún ara wọn. Ìwọ nọ́ọ̀sì lo sọ ọ́, èmi kọ́. Ta ló wá dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, tó ki áyọ́ọ̀nù bọ iná?"

"Kíá ni! Òun ló ní kọ́kọ́rọ́!"

"Nígbà tí a wà nídìí tíì, ojú gbogbo wa ni Kíá wà, òun ló ń gbé ife fún wa. Kò kúrò lọ́dọ̀ wa títí èéfín fi dé. Apá mi ni Màmá dì mú tí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀. Ìwọ lo sọ lójú àtẹ̀gùn pé o gbàgbé ìborùn wọn, o padà gòkè. Ìborùn náà dà?"

Gbogbo wọn wo èjìká Màmá Télọ̀. Kò sí ìborùn níbẹ̀.

"Kíá," ni Ìyá Ìbéèrè wí, "ta lo fún ní áyọ́ọ̀nù?"

"Nọ́ọ̀sì ni, àwọn náà rèé. Wọ́n ní kí n má sọ fún Bàbá."

"Ẹni tí kò mọ̀ pé áyọ́ọ̀nù wà nínú ilé yìí!" Ohùn Ìyá Ìbéèrè wá là. Ìbínú tó ti ń gbé mì láti àárọ̀ tú jáde. "O ṣí omi sílẹ̀, o ní ìyá rẹ ni. O gbé awò wọn sínú fíríìjì, o mú kí wọ́n bú obìnrin tí kò ṣẹ̀ wọ́n. O wá dáná sun ibi tí wọ́n ń sùn, kí dókítà lè rí nǹkan kọ! Tí Màmá bá ti ní ó rẹ àwọn, kí àwọn padà lọ dùbúlẹ̀ ńkọ́? Tí iná bá ká àlejò mìíràn mọ́ yàrá ńkọ́? Ta lò bá di ẹ̀bi rẹ̀ rù?"

Nọ́ọ̀sì ju ife sílẹ̀, ó fọ́. Ìyá rẹ̀ ló kọjú sí.

"Iṣẹ́ jáde fún mi nílùú tó jìnnà! Irú ẹ̀ ò ní í jáde mọ́. Mo bẹ̀ yín. Mo ní ẹ jẹ́ ká lọ wo ilé ìtọ́jú yẹn, ẹ fi àáké kọ́rí, ẹ ní inú ṣọ́ọ̀bù yín lẹ máa kú sí. Èmi wá ńkọ́? Inú kí ni èmi máa kú sí? Gbogbo ìgbà, èmi, èmi, èmi! Ta ló bi mí rí pé kí ni mo fẹ́?"

Bàbá tó máa ń ní kí èèyàn jẹun ná mú ìgbálẹ̀, kò sì mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Màmá Télọ̀ ló sọ̀rọ̀, ohùn wọn kò gbọ̀n.

"O lè pariwo lé mi lórí. O ń pariwo lé mi lórí báyìí, mo sì ń gbọ́ ọ. O lè di ẹrù rẹ kí o máa lọ, mà á sunkún, ilẹ̀ á mọ́, mà á lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n orí mi lo fọwọ́ kàn. Ṣé o mọ ohun tí mò ń ṣe lálaalẹ́ láti ìgbà tí a ti débí? Mò ń pe orúkọ àwọn oníbàárà mi lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìwọ̀n èjìká wọn, kí n lè mọ̀ bóyá mo ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀rù ara mi ń bà mí. Ìwọ ń bẹ ní yàrá kejì, o mọ̀, o sì ń sùn."

Nọ́ọ̀sì bo ojú.

Sájẹ́ǹtì sún mọ́ Màmá, ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀. "Màmá, ọmọ yín náà ni. Tí ẹ bá ní ká fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ti ẹbí…"

"Èyí tó ṣe sí mi, mo lè jókòó tì í, kí n mọ ohun tí n ó fi ṣe." Wọ́n nawọ́ sí Kíá, sí ọwọ́ tí Bàbá ti fi aṣọ funfun wé. "Ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ yẹn, tèmi kọ́. Mi ò lè bá a dárí ẹ̀ jì. Kíá, má bínú sí mi nítorí ọ̀rọ̀ àná. Sọ ohun tí o fẹ́."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí Kíá. "Jọ̀ọ́. Mi ò ní in lọ́kàn pé kó kàn ọ́. Mo rò pé Bàbá máa tètè pa á. Jọ̀ọ́, o mọ̀ pé…"

"Nígbà tí wọ́n ní kí n wọ bàtà kí n máa bọ̀ ní àgọ́," ni Kíá wí, "ẹ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹ mọ̀ pé èmi kọ́. Ẹ mu tíì yín."

Kíá kọjú sí Sájẹ́ǹtì.

"Sájẹ́ǹtì, mi ò dárí jì wọ́n. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Sájẹ́ǹtì wo Ìyá Ìbéèrè bóyá yóò dá sí i. Kò dá sí i. Sájẹ́ǹtì mú Nọ́ọ̀sì lápá, ó ṣe é jẹ́ẹ́jẹ́, wọ́n sì jáde. Màmá Télọ̀ kò yíjú wò wọ́n. Ìgbà tí ilẹ̀kùn ìta pa dé ni wọ́n tó di ìkúùkù, wọ́n fi lu tábìlì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo ife fò, wọ́n wá bú sẹ́kún.